Iná Orí Òkè Wúrà

Tùràrí àti kẹrosíìnì ni yàrá wa ní Ṣùbéíkà, lẹ́bàá mọ́sálásí Hárámù, máa ń rùn nígbà Háájì, pẹ̀lú òórùn aṣọ tútù tí àwọn àlàájà sá sórí okùn láti ògiri dé ògiri. Ìgbà tí owó epo ń ya wọ ilẹ̀ Saúdí bí àgbàrá ni. Wọ́n ń wó ilé àtijọ́, wọ́n ń kọ́ òtẹ́ẹ̀lì, eruku kì í sì í kúrò lójú fèrèsé. Èmi ti ṣe Háájì tèmi, mo jókòó síbẹ̀ láìní ìkámà, ìwé ìgbélùú wọn. Mo ń gba àwọn ará ilé wa sílé, mo sì ń mú wọn káàkiri. Ẹ̀yin tí ẹ gbé ibẹ̀ nígbà náà mọ irú ayé tí mò ń wí.

Ìyá kan wá lọ́dún kan láti Ìwó. Kì í jẹun púpọ̀, kì í sì í rojọ́. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó bí ló ti kú sí ìpẹ̀kun àríwá ilẹ̀ Kánádà, lórí òkè kan tí àwọn òyìnbó ti ń wa wúrà láti ayé baba ńlá wọn. Iṣẹ́ ìwakùsà ni ọmọ náà ń kọ́. Òkúta ló ya lù ú nínú ihò. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ ló sin ín, ọ̀rẹ́ náà sì ti di ẹnjiníà tó ń la ọ̀nà ní Jẹ́dà, tó ń gbé ní àdúgbò Ṣàráfíyà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìròyìn tó dé Ìwó ni pé iná ni wọ́n dá níbi ìsìnkú náà. Ẹ mọ ohun tí Mùsùlùmí yóò gbọ́ nínú ìyẹn. Wọ́n ní wọ́n sun ọmọ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, bí a ti ń ti Hárámù bọ̀, ìyá náà sọ fún mi, ohùn rẹ̀ kò sì ga: "Àlàájì, bí a bá dé Aráfà, orúkọ ọmọkùnrin tó dáná yẹn ni n ó kọ́kọ́ pè. Ọlọ́run ni n ó fi í lé lọ́wọ́." Ta ni yóò fẹ́ kí abiyamọ pe òun lẹ́jọ́ ní Aráfà, níbi tí àdúrà ti máa ń gbà? Ṣebí ńṣe la máa ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ara wa kí á tó lọ síbẹ̀. Mo ránṣẹ́ sí Ẹnjiníà.

Ó dé lẹ́yìn ìrun Alásárì, eruku iṣẹ́ ṣì wà ní bàtà rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sáàárín àwọn ẹrù. Ìyá kò ní kó dìde. Èmi ní, "Ẹnjiníà, ẹ rọra o, ìrẹsì àwọn ará Òṣogbo lẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé àyà lé yẹn." Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Ìyá bi í pé, "Ṣé ìwọ lo dáná?"

"Èmi ni, mà."

Orí ìdọ̀bálẹ̀ náà ló ti ń sọ ọ́. Ó ní ilẹ̀ òkè náà dì bí òkúta, kì í ṣe ojú rẹ̀ nìkan, inú lọ́hùn-ún ni, tẹ̀ẹ̀rùn-tòjò. "Dígà ò ràn án, mà. Àwọn tó kọ́kọ́ wá wúrà débẹ̀, igi ni wọ́n ń tò sílẹ̀, wọ́n á tiná bọ̀ ọ́. Bó bá jó tán, wọ́n á kó eérú, wọ́n á wa ìwọ̀nba ẹrẹ̀ tó bá rọ̀, wọ́n á tún dáná òmíràn, títí wọ́n á fi kan ibi tí wúrà wà." Ó ní ihò wọn ṣì là sílẹ̀ lára òkè náà, ahéré onígi wọn sì ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Púpọ̀ wọn kò rí wúrà kankan. Ẹni tó bá sì kú nínú wọn, iná kan náà ni wọ́n fi ń gbẹ́ ilẹ̀ fún un. Ìgbà tí wúrà tún gbówó lórí láyé ni ilé iṣẹ́ kan padà lọ ṣí ihò náà, tí òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi débẹ̀.

"Yìnyín dí ọ̀nà, a ò lè gbé e sọ̀kalẹ̀. Wọ́n ní ká tẹ́ ẹ sínú ahéré títí yìnyín á fi yọ́. Mo ní Mùsùlùmí ni, a kì í fi òkú wa pamọ́. Mo dáná bíi tiwọn, mo fi gbẹ́ sàréè rẹ̀."

Ìyá ní, "Omi wo lo fi wẹ̀ ẹ́?"

"Yìnyín ni mo yọ́ lórí sítóòfù, mà."

"Aṣọ ńkọ́?"

"Aṣọ ibùsùn mi. Funfun ni."

"Ṣé iná yẹn kàn án?"

"Rárá, mà. Ọwọ́ mi ni mo fi gbá eérú náà kúrò."

Àwọn tó ń ká aṣọ lórí okùn ti dáwọ́ dúró. Ìyá ní, "Nígbà tí o gbé e sílẹ̀, ilẹ̀ náà ńkọ́?"

"Ó ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́, mà."

Èmi ni ìyá kọjú sí, kì í ṣe Ẹnjiníà. "Àlàájì, láti kékeré ni òtútù ti ń dà á láàmú. Ẹ̀yìn mi ló máa ń wá sùn tì." Ó wá gbé ọwọ́ lé orí Ẹnjiníà. "Dìde, ọmọ mi. Ṣé o ti jẹun?"

Ó pe orúkọ Ẹnjiníà ní Aráfà lóòótọ́. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀, mo gbọ́ ọ. Lẹ́yìn orúkọ ọmọ rẹ̀ ló pè é, àdúrà kan náà ló sì ṣe fún àwọn méjèèjì.

Mo ti darúgbó báyìí, mo ti padà sílé, etí mi sì ti gbọ́ oríṣiríṣi nípa bí àwọn ará ibòmíràn ṣe ń sin òkú wọn. Bí àwọn ọmọ mi bá ń bú wọn, n kì í dá sí i kíákíá. Mo máa ń kọ́kọ́ bi wọ́n pé báwo ni ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe rí.