Orúkọ Tí Fádùnní Kò Lè Tẹ̀

"Ó tún ti kọ̀," Ọláwuyì wí, ó sì fà sẹ́yìn nídìí kọ̀ǹpútà.

Ọdún 1999 ni, ní ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà aládàáni kan ní Ìlá. Fádùnní, ọmọ ìlú Ọ̀rà, ló ń tọ́jú ẹ̀rọ ńlá tí gbogbo fáìlì wọn wà nínú rẹ̀. Ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Línọ́ọ̀sì ló ń darí ẹ̀rọ náà, agídí rẹ̀ kò sì kéré: bí orúkọ ẹni kò bá sí lára àwọn tó fún láyè, kò ní jẹ́ kó rí fáìlì, ì báà jẹ́ ọ̀gá pátápátá. Ọláwuyì nìkan ló láṣẹ láti tẹ èsì ìdánwò jáde. Fádùnní lágbára láti ṣí i, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ dán an wò. Wọ́n ti lé ẹni tó wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀ torí pé ó fọwọ́ kan máàkì.

Ògúnṣẹ̀yẹ, ọ̀gá wọn, dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mọ́tò tó fẹ́ gbé èsì náà lọ sí Òṣogbo ti ń tu èéfín níta.

"Fádùnní, bí mọ́tò yìí bá lọ lófìfo, ìwọ náà máa bá a lọ. O ò sì ní padà síbí."

Fádùnní jókòó sídìí kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Ó yẹ ẹni tó ni fáìlì wò, kò sí àṣìṣe. Ó yẹ àṣẹ kíkà àti kíkọ wò, ó dára. Ó ka orúkọ àwọn tó láyè, gbogbo wọn pé lójú rẹ̀. Ó pa ẹ̀rọ, ó tún tàn án. Ọláwuyì gbìyànjú, ó tún kọ̀.

"Àbí ìjà ilé lẹ gbé wá síbí?" Ògúnṣẹ̀yẹ bi í. Àbúrò ọkọ Fádùnní ni Ọláwuyì, kò sì sẹ́ni tí kò mọ̀. Ìbéèrè náà dùn ún dọ́kàn.

"Rárá, sà. Kí ni mo fẹ́ dí Ajíṣafẹ́ lọ́wọ́ fún?"

"Ta ló ń jẹ́ Ajíṣafẹ́?"

Fádùnní yíjú sí kọ̀ǹpútà. Òun nìyẹn, láàárín àwọn orúkọ tó ti ń kà látàárọ̀: ajisafe. Torí ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀ dáadáa ló fi sọ Ọláwuyì bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tó wọlé ọkọ, nítorí ìyàwó kì í dárúkọ ọmọ tó bá nílé ọkọ. Èmi tí mo ń sọ ìtàn yìí kì í ṣe ìyàwó ilé wọn, ìdí nìyẹn tí mo fi ń pè é ní Ọláwuyì. Orúkọ náà, Ọláwuyì, ni onímọ̀ ẹ̀rọ kan tó wá láti Ìbàdàn fún un pé kó máa fi wọlé sórí ẹ̀rọ. Fádùnní tó kọ orúkọ àwọn tó láyè kọ èyí tí òun mọ̀ ọ́n sí. Ẹ̀rọ kò gbọ́ orúkọ ilé.

"Pa á rẹ́, kí o kọ orúkọ rẹ̀ gan-an," Ògúnṣẹ̀yẹ wí nígbà tí Fádùnní ṣàlàyé fún un.

Ó pa á rẹ́. Ìka rẹ̀ dé orí lẹ́tà àkọ́kọ́, kò sì tẹ̀ ẹ́. Dírẹ́bà fọn fèrè níta. Ó fẹ́ iṣẹ́ yìí, ó fẹ́ ẹ gan-an.

Ó dìde lórí àga.

"Ajíṣafẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ fúnra yín."

Ọláwuyì jókòó, ó tẹ orúkọ ara rẹ̀. "Ìyàwó wa, wò ó bóyá ó tọ̀nà."

Fádùnní fojú kà á lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn, kò jẹ́ kó jáde lẹ́nu òun.

"Ó tọ̀nà," ló wí, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sì bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo.