Kọ́ńténà Tí Wọn Kì í Dè

Ẹ̀yìn ilé mi ní Ìjòkó ni ojú irin gbà kọjá. Nígbà tí mo ń kọ́ ilé náà, àwọn ará àdúgbò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ariwo kò ní jẹ́ kí n gbádùn, mo sì bi wọ́n pé ọkọ̀ wo ló fẹ́ pariwo. Ọkọ̀ ojú irin tó ń gba ibẹ̀ nígbà náà kò ju èyí tó ń kó òṣìṣẹ́ lọ sí Èkó láàárọ̀ lọ, ọjọ́ tó bá sì wù ú ló ń wá. Ewúrẹ́ ló ni ojú irin náà ní ọ̀sán.

Iléeṣẹ́ tó ń ṣe abọ́ àti bọ́kẹ́ẹ̀tì oníke ní Ọ̀tà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ mi ni láti rí i pé èròjà tí a ń rà láti òkè òkun kúrò ní èbúté Àpápá, kó sì dé ẹnu géètì wa. Bí èròjà kò bá dé, ẹ̀rọ á dúró. Bí ẹ̀rọ bá dúró, èmi ni ọ̀gá máa pè. Àkókò náà ni ṣọ́ọ̀ṣì àti yunifásítì ń hù ní Ọ̀tà bí olú. Ilé tí wọ́n ń kó sìmẹ́ǹtì sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa di ṣọ́ọ̀ṣì láàárín oṣù kan. Bí àwọn ìjọ ńlá bá ní ìpàdé, tàbí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ń wọlé, kò sí tírélà tó lè yí táyà lójú títì. Kristẹni lèmi náà, àmọ́ mo máa ń bínú. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni gbogbo wa jọ ń lò, ẹni tó ń lọ gbàdúrà àti ẹni tó ń lọ já ẹrù, kò sì sí ẹni tó ń dí kòtò.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wà lára àwọn tó ń wa tírélà fún wa. Òun ló mú mi wá láti Ọ̀yọ́ lẹ́yìn tí bàbá wa kú, òun ló rán mi níléèwé, iṣẹ́ tírélà ló sì fi rán mi. Nígbà tí mo dé ipò tí wọ́n ti ń gbọ́ ohùn mi, mo bá a wá iṣẹ́ kíkó kọ́ńténà wa. Inú mi máa ń dùn tí mo bá rí orí ọkọ̀ rẹ̀ ní ẹnu géètì.

Àmọ́ ìyà èbúté pọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi lè wà lórí ìlà ní afárá Àpápá fún ọ̀sẹ̀ méjì kó tó wọlé lọ gbé kọ́ńténà kan. Inú tírélà ló ń sùn, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ti ń wẹ̀, ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń wú. Bó bá dé, ojú rẹ̀ á pọ́n, á máa tòògbé nídìí oúnjẹ.

Ohun kan wà tí àwọn awakọ̀ yìí ń ṣe tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Irin mẹ́rin wà ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ẹ̀yìn tírélà, tí wọ́n ń yí kó lè di ìdí kọ́ńténà mú. Wọn kì í yí i. Mo bi ẹ̀gbọ́n mi léèrè nígbà kan, ó sì fi sùúrù ṣàlàyé fún mi bí ẹni ń kọ́ ọmọdé. Ó ní bí kọ́ńténà tí wọ́n dè bá fẹ́ ṣubú, á fa orí ọkọ̀ lọ́wọ́, awakọ̀ á sì bá a lọ.

“Bó bá fẹ́ ṣubú, kó dá ṣubú,” ni ó wí.

Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí a sọ lọ́jọ́ náà, kò sí ẹni tó béèrè pé orí ta ni yóò ṣubú lé.

Ìgbà tó yá, lẹ́tà dé láti èbúté. Wọ́n ní ọ̀nà ti há jù, wọ́n fẹ́ kí ẹrù kúrò lórí títì, kó bọ́ sórí irin àti orí omi. Iléeṣẹ́ tó bá gbà kí ọkọ̀ ojú irin gbé kọ́ńténà rẹ̀, tirẹ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ yọ, wọn yóò dín owó ìkẹ́rùsí kù fún un, wọn yóò sì gbé e dé ibùdókọ̀ ojú irin tó wà nítòsí wa. Àwọn tó wà lẹ́bàá ọ̀sà lè lo bájì, ìyẹn ọkọ̀ omi pẹlẹbẹ tí wọ́n ń to kọ́ńténà sí lẹ́yìn. Wọ́n kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà pé kọ́ńténà tí wọn kò bá dè mọ́ ọkọ̀ ojú irin tàbí bájì kò ní kúrò níbẹ̀.

Ọ̀gá mi gbé lẹ́tà náà fún mi. Ó ní òun kò mọ nǹkan kan nípa ojú irin, kí n lọ wò ó, kí n kọ èrò mi sílẹ̀, ohun tí mo bá kọ ni òun yóò tẹ̀ lé.

Mo lọ wo ibùdókọ̀ náà. Wọ́n ti ṣán igbó ibẹ̀, wọ́n ti da kọnkéré sílẹ̀, ẹ̀rọ tí yóò máa gbé kọ́ńténà sọ̀ ti dúró síbẹ̀ tòun ti ọ̀dà tuntun lára. Ohun gbogbo tí mo rí dára. Mo délé, mo jókòó, mo sì kọ ọ́ pé kò dára. Mo ní wọn yóò máa gbé ẹrù kan náà lẹ́ẹ̀mejì, láti ojú irin sórí tírélà, kí tírélà tún tó gbé e wá bá wa. Mo ní a ò mọ̀ bóyá ọkọ̀ yóò máa wá déédéé. Mo ní kí àwọn ẹlòmíràn kọ́kọ́ dán an wò ná. Kò sí irọ́ tí ènìyàn lè tọ́ka sí níbẹ̀, àmọ́ ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ni mò ń rò. Bí ọkọ̀ ojú irin bá gba kọ́ńténà, kí ni òun yóò máa wà? Mo rò pé mò ń san oore rẹ̀ fún un. Mi ò bi í.

Bàbá kan wà ní ìyànà iléeṣẹ́ wa tó ń tún bàtà ṣe lábẹ́ agboòrùn. Ọmọ Ọ̀tà ni, Ojú-Òrè ló ń gbé, mùsùlùmí tí kì í fi ìrun ṣeré. Ó máa ń bá mi ṣàwàdà pé bí mo ṣe ń tẹlẹ̀ bí ẹni ń bá ilẹ̀ jà ni kì í jẹ́ kí bàtà mi pẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ tí mò ń sọ yìí, tí ọ̀gá mi ti fi ohun tí mo kọ dá èbúté lóhùn, bàtà dúdú mi kan wà lọ́dọ̀ bàbá náà.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀. Òjò ti rọ̀, omi sì ti bo kòtò ìyànà náà. Ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ láti èbúté lẹ́yìn ọjọ́ mọ́kànlá lórí ìlà. Mo rí orí ọkọ̀ rẹ̀ láti ojú fèrèsé ọ́fíìsì, mo sì dìde láti lọ pàdé rẹ̀. Táyà ẹ̀yìn wọ kòtò. Tírélà fì sọ́tùn-ún, kọ́ńténà yọ̀ kúrò lẹ́yìn rẹ̀, ó sì dá ṣubú, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe fẹ́ kó rí. Orí ọkọ̀ dúró. Nǹkan kan kò ṣe ẹ̀gbọ́n mi. Agboòrùn bàbá náà ni mi ò rí mọ́.

Kí wọ́n tó rí ẹ̀rọ tó gbé kọ́ńténà náà sókè, wọ́n ti kírun Jímọ̀ tán ní gbogbo mọ́ṣáláṣí àdúgbò. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sínú ẹrẹ̀ títí wọ́n fi ṣe é tán, ọwọ́ rẹ̀ wà lára irin tí kò yí. Àwọn ọlọ́pàá mú un lọ láti ibẹ̀. Wọ́n sì sin bàbá náà kí oòrùn tó wọ̀.

Ní ọjọ́ kẹta, mo lọ kí ìyàwó bàbá náà ní Ojú-Òrè. Mo ti múra sílẹ̀ fún èpè, mi ò múra sílẹ̀ fún ohun tí mo bá. Ó ní kádàrá ni, ó ní àwọn ti sọ fún ọlọ́pàá pé kí wọ́n fi awakọ̀ náà sílẹ̀, Ọlọ́hun ló fún àwọn, òun náà ló gbà á. Ó wá wọ yàrá lọ, ó sì gbé bàtà dúdú mi jáde. Ó ní ọkọ òun ti rán an tán nílé ní Ọjọ́bọ̀, àmọ́ ó gbàgbé rẹ̀ sílé nígbà tó ń jáde. Ojú tì mí, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Mi ò tíì wọ bàtà náà títí dòní.

Ẹ̀gbọ́n mi kò wa ọkọ̀ mọ́. Nígbà tí ọlọ́pàá fi í sílẹ̀, mo mú un wá sọ́dọ̀ mi ní Ìjòkó. Ọ̀gá mi kò tún bi mí ní ìbéèrè kankan. Òun fúnra rẹ̀ kọ̀wé sí èbúté, kò sì pẹ́ tí ọkọ̀ ojú irin fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹrù wa. Ẹ̀yìn ilé mi náà ló ń gbà kọjá láàárọ̀, kọ́ńténà tò tẹ̀lé ara wọn, wọ́n dè wọ́n mọ́lẹ̀ ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ̀gbọ́n mi a máa gbé àga lọ síbẹ̀ láti wò wọ́n. Mo rò pé ìbànújẹ́ ló ń fi wò ó, pé ohun tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń wò.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo gbé ògì àti àkàrà lọ bá a. Ọkọ̀ ti kọjá tán, ó sì ṣì ń wo ọ̀nà tó gbà lọ.

“Àbúrò,” ni ó wí, “ìgbà tí a gbọ́ nípa ọkọ̀ yìí lórí afárá, inú gbogbo wa ló dùn. A ní a ò ní tò sí èbúté mọ́, pé láti ibùdókọ̀ dé iléeṣẹ́ la ó kàn máa gbé e. Ǹ bá máa sùn sílé lójoojúmọ́.”

Ó wojú mi.

“Ta ló ní kí iléeṣẹ́ yín má gbà á nígbà yẹn?”

Mo gbé abọ́ ka orí àpótí. Mo wá ṣíbí, mo fún un.

“Bọ̀dá mi, ẹ jẹun,” ni mo wí. “Ògì ń tutù.”