Háráfì Tí Bàbá Mi Kò Gbé Mì

Ìdajì àdúgbò wa ní Ìta Fájì ni bàbá mi kọ́ ní kéwú. Á ka ìlà kan, ọmọ á kà á tẹ̀lé e. Háráfì kan ṣoṣo, ìyẹn lẹ́tà Lárúbáwá kan, tí ọmọ bá gbé mì, pàṣán ni. Èmi ọmọ bíbí inú rẹ̀ ló nà jù. Bí lèmọ́mù pàápàá bá ṣì í lórí ìrun, bàbá mi ló máa ń tún un ṣe láti ẹ̀yìn, tí gbogbo èèyàn á gbọ́.

Nígbà tí àwọn ọmọ kéwú rẹ̀ kan kó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n ní kí ó máa kọ́ ọmọ àwọn láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe jẹun, èmi ni mo ṣe áàpù tí wọ́n fi ń gbọ́ ara wọn. Ọ̀nà íńtánẹ́ẹ̀tì kan tí à ń pè ní UDP ni mo ní kí ohùn máa gbà. Ó yára, ṣùgbọ́n kò láàánú: á gé ohùn sí wẹ́wẹ́, á máa jù ú lọ, kò sì ní í bèèrè bóyá ó dé.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ìyá ọmọ kan pè mí láti Lọ́ńdọ̀nù. “Bọ̀ọ̀dá, ẹ má bínú o. Ààfáà ti ń gbé háráfì mì. Ọmọ mi kà á bẹ́ẹ̀ ní mọ́sálásí, wọ́n fi í ṣẹ̀sín.”

Inú mi dùn. Mo ń sọ ọ́ kí ẹ lè mọ irú ẹni tí mo jẹ́.

Eyín iwájú méjì ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lẹ́nu bàbá mi nígbà náà. Mo lọ bá a lọ́dẹ̀dẹ̀. “Bàbá, ẹ̀ ń gbé háráfì mì. Ẹnu yín ò dáa mọ́.”

Ó wò mí. Ó ka Fátíhà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. “Èwo ni mo gbé mì níbẹ̀?”

Kò gbé ìkankan mì. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo ní, “Ẹ̀yin ò lè mọ̀ ọ́n, Bàbá. Àwọn tó wà lọ́hùn-ún ló ń gbọ́ ọ.”

Ó yọ ẹ̀rọ tó fi ń gbọ́ àwọn ọmọ Lọ́ńdọ̀nù kúrò létí, ó fi etí agbádá nù ún, ó sì gbé e fún mi.

Mo fi ààfáà ọ̀dọ́ kan jókòó sórí àga rẹ̀, ẹni tí eyín rẹ̀ méjèèjìlélọ́gbọ̀n pé. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí obìnrin yẹn tún fi pè. “Bọ̀ọ̀dá, ẹni tuntun yìí náà ń gbé háráfì mì o.”

Ìgbà yẹn ni mo tó ṣe ohun tó yẹ kí n kọ́kọ́ ṣe. Mo gba ohùn sílẹ̀ lórí àga náà, mo gba èyí tó dé Lọ́ńdọ̀nù, mo gbọ́ wọn pọ̀. Tọ̀dọ̀ wa pé. Tọ̀hún ní àlàfo káàkiri. Èmi ni mo ní kí áàpù má dúró de ègé ohùn tó bá pẹ́ lọ́nà, kí ó dà á nù, kí wọ́n lè yìn mí pé ó yára. Nínú ọ̀rọ̀ lásán, etí èèyàn á di àlàfo náà fúnra rẹ̀. Kéwú ò gba bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni mo yí padà kí áàpù lè máa dúró díẹ̀ sí i, ó tán.

Mo lọ sọ fún bàbá mi pé áàpù ni, kì í ṣe òun.

Ó ní, “Mo kà á létí ẹ lọ́jọ́ yẹn. Ṣé mo gbé e mì?”

“Rárá, Bàbá.”

“O sì gbọ́ ọ?”

Kò dúró de èsì mi. Ó ní, “Ẹyin lohùn. O ti là á mọ́lẹ̀.” Ó dìde lọ ṣe àlùwàlá.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ní mọ́sálásí, ààfáà ọ̀dọ́ yẹn ló ṣíwájú wa kí ìrun Mọ̀gáríbì. Èmi àti bàbá mi dúró, èjìká kan èjìká. Bó ṣe ń kà á sókè, ó gbé háráfì kan mì, lóòótọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Èjìká bàbá mi ta. Mo dúró kí ó tún un ṣe. Kò la ẹnu.