Ẹ̀rọ Géèmù Rẹ̀ Ló Jẹ́rìí Mi

Àwọn kan ṣì ń sọ ọ́ ní Ìkòsì pé mo fi ọgbọ́n ìwé gba ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé mọ́ àbúrò ọkọ mi lọ́wọ́. Mi ò gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. N ó sọ ọ́ bó ṣe rí, nítorí mo ti dàgbà kọjá ẹni tó ń tijú.

Lẹ́yìn tí ọkọ mi kú, tí mo sì fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, mo ra kọ̀ǹpútà kan. Mo fẹ́ máa gba kásẹ́ẹ̀tì ìgbéyàwó àti ìsọmọlórúkọ lọ́wọ́ àwọn oníkámẹ́rà, kí n gé ibi tí kò dára dànù, kí n sọ ọ́ di sídíì nínú ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé. Àbúrò ọkọ mi ra ẹ̀rọ géèmù ní tirẹ̀, kí àwọn ọmọ àdúgbò máa sanwó ṣeré lórí rẹ̀, ó ní inú ṣọ́ọ̀bù yẹn náà lòun fẹ́ gbé e sí.

Mo fi ọdún mẹ́sàn-án jù ú lọ. Ṣùgbọ́n ó ti wà nílé kí n tó wọlé ọkọ, nítorí náà “Bọ̀dá mi” ni mò ń pè é, mo sì ń kúnlẹ̀ kí i.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù náà dé iwájú àwọn àgbà ẹbí, ó ní ẹ̀rọ òun ń ṣeré, ó ń kọrin, ó ń gbé fíìmù. Kí ni ìyá arúgbó fẹ́ fi kọ̀ǹpútà ṣe ju kó máa fi káàdì ṣeré lórí rẹ̀ lọ? Mò ń fi káàdì ṣeré lóòótọ́. Tó bá sì jẹ́ ti eré bọ́ọ̀lù, tirẹ̀ dára ju tèmi lọ. Tèmi á máa mí gúlegúle bí ẹni tó ń gun òkè. Ṣùgbọ́n oúnjẹ tí ẹlòmíràn sè ni tirẹ̀ ń jẹ. Tèmi ló ń dáná.

Àwọn àgbà ní ká padà wá lọ́jọ́ Sunday. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, mo gbé kásẹ́ẹ̀tì ọjọ́ ìbí ìyá ọkọ mi, olóògbé tó ni ilé náà, sórí kọ̀ǹpútà. Ibi ijó nìkan ni ẹbí máa ń wò nínú rẹ̀. Èmi wò ó dópin.

Lọ́jọ́ Sunday, mo ní mo mú sídíì Màmá wá, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí a ó fi wò ó. Àbúrò ọkọ mi rẹ́rìn-ín.

“Ṣé ẹ rí i? Ìyàwó, mú un wá. Tèmi á gbé e.”

Òun fúnra rẹ̀ ló fi í sínú ẹ̀rọ géèmù, òun ló yí ohùn rẹ̀ sókè. Nínú fídíò náà, Màmá ṣàdúrà fún àwọn ọmọ, ó wá kàn mí.

“Ìyàwó mi tó ń tọ́jú mi, òun ni mo fún ní ṣọ́ọ̀bù iwájú yẹn. Kí ẹnikẹ́ni má bá a dù ú.”

Àbúrò ọkọ mi ní kọ̀ǹpútà ni mo fi ṣe ohùn ìyá òun. Mo gbé kásẹ́ẹ̀tì náà ka orí tábìlì.

“Bọ̀dá mi, ẹ pe oníkámẹ́rà kó wá wò ó. Ẹ̀yin lẹ mú un wá lọ́jọ́ ìbí Màmá.”

Kò pè é. Kọ̀ǹpútà mi wọ ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kejì.

Láti ìgbà náà, n kò kúnlẹ̀ kí i mọ́. Bó bá ń kọjá, orí àga mi nínú ṣọ́ọ̀bù ni mo ti ń kí i.