Ọgbà Irin Tí Mo Rọ fún Ìníolúwa

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè díẹ̀, nǹkan kan ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ilé mi tí mo fẹ́ sọ fún yín. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi bọ̀ lórí pèèjì yìí mọ̀ pé tíṣà ni mí ní Ìkìrun, irin rírọ sì ni fàájì mi. Bàbá mi ṣe àgbẹ̀dẹ ní Inísà, ó fi àjákù irin rélùwéè tó ń lu nǹkan lé lórí sílẹ̀ fún mi. Fídíò orí fóònù ló kọ́ mi ní ìyókù.

Ẹ ti rí àwọn ọ̀bẹ àti ẹsẹ̀ tábìlì tí mo máa ń gbé síbí. Èyí tí mo fẹ́ sọ lónìí, mi ò ya fọ́tò rẹ̀.

Ọmọbìnrin mi, Ìníolúwa, kú. Ó wà ní kíláàsì kẹrin. Ibà bẹ̀rẹ̀ bí eré, kò sì lọ mọ́. Ilé ìdílé ọkọ mi ní Òkukù ni wọ́n sin ín sí, ẹ sì mọ àṣà wa: òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ. Èmi àti bàbá rẹ̀ jókòó sí Ìkìrun, àwọn ẹlòmíì gbé e lọ. Àwọn èèyàn wá ń sọ fún mi pé omi ló dànù, agbè ò fọ́. Mo ṣe àmín. Mi ò sunkún. Ṣé ẹ mọ bí ẹsẹ̀ ṣe máa ń kú téèyàn bá jókòó lé e pẹ́? Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ara mi ṣe rí.

Àbúrò ọkọ mi kan ń gbé Òkukù. Mo jù wọ́n lọ lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n mo bá wọn nílé, Bọ̀dá Kúnlé ni mo ń pè wọ́n. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan wọ́n pe ọkọ mi, mo sì gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé ewúrẹ́ ti sọ ojú oórì ọmọ náà di ibùsùn, wọ́n ń tú yẹ̀pẹ̀ rẹ̀ ká. Ọkọ mi yára gbé fóònù jáde. Ó ti pẹ́ jù, mo ti gbọ́.

Mo ní kí wọ́n má pe wẹ́dà kankan, èmi ni n ó rọ ọgbà irin tí yóò yí i ká. Ọkọ mi wò mí títí, ó ní ta ló fẹ́ fún mi ní ìwọ̀n rẹ̀. Òótọ́ ni! Nígbà tí mo bi Bọ̀dá Kúnlé, wọ́n ní irú ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ohun tí wọ́n ń sọ létí ìyá ọmọ. Mi ò bá wọn jà. Mo kàn ń pè wọ́n lójoojúmọ́ ni. Nígbà tó sú wọn, wọ́n gé okùn ní ìwọ̀n rẹ̀, wọ́n fi ránṣẹ́ sí ọkọ mi. Ọkọ mi fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mi lẹ́yìn ilé, ó ní ìwọ̀n ọgbà òdòdó kan nìyẹn. Ọgbà òdòdó la ń pè é láti ọjọ́ náà. Mo wo ìlà náà. Ó kéré.

Mo da èédú, mo tan fáànù sí i. Tí irin bá ti pọ́n, màá fi ẹmú gbé e, màá lù ú, màá lọ́ ọ. Irin gbígbóná kì í dúró de ẹni tó ń ronú, ìyẹn sì tẹ́ mi lọ́rùn. Ọjọ́ kan mo gbá èyí tó ṣì gbóná mú. Òórùn ni mo kọ́kọ́ gbọ́, kì í ṣe ìrora. Ọkọ mi ń da omi sí mi lọ́wọ́, ó ń sunkún. Inú bí mi sí i díẹ̀ pé òun rí omijé tirẹ̀.

Nígbà tí Bọ̀dá Kúnlé gbé bọ́ọ̀sì wá kó o, wọ́n yìn ín, wọ́n fọwọ́ pa igun rẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo iwájú rẹ̀. Ilẹ̀kùn kékeré kan wà níwájú ọgbà náà, mo rọ híńjì sí i, mo rọ ìkọ́ tí wọ́n á fi máa há a.

"Ìyàwó wa, ta ló máa máa gba ibí wọlé?"

Ẹ gbà mí gbọ́, mo rọ ilẹ̀kùn náà, mo tún fi òróró sí i kó má baà máa ké, síbẹ̀ ìbéèrè yẹn kò wá sí mi lọ́kàn rárá. Ibi tí ewúrẹ́ ò gbọ́dọ̀ wọ̀, tí ìyá ò gbọ́dọ̀ wọ̀, kí ni ilẹ̀kùn ń wá níbẹ̀? Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n fi irin dí i. Wọ́n ní rárá, àwọn á kọ́kọ́ bi Màmá, ìyá ọkọ mi.

Nírọ̀lẹ́, èmi ni wọ́n pè, wọn ò pe ọkọ mi. Wọ́n ní àwọn ti fi sìmẹ́ǹtì rì í mọ́lẹ̀. Màmá ti ṣí ilẹ̀kùn náà, wọ́n ti pa á dé, wọ́n sì ní kí ẹnikẹ́ni má dí i, kí wọ́n má fi àgádágodo sí i. Màmá gba fóònù.

"A ò ní mú ẹ wá o. Ṣùgbọ́n tó o bá wá, ojú wa ò ní rí ẹ."

Mo ní ẹ ṣé mà. 

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé àṣà wa le, ṣùgbọ́n àwọn tó ń pa á mọ́ mọ ìgbà tó yẹ kí àwọn yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọwọ́ èèyàn sì lè mọ ohun tí ọkàn ò tíì gbà.

Mi ò tíì lọ. Bọ́ọ̀sì Òkukù ń kọjá níwájú ilé ẹ̀kọ́ wa. Mo dá ọ̀kan dúró lọ́jọ́ kan, mo tún ní kó máa lọ. Ẹ̀yin tí irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí, ṣé ẹ lọ? Kí lẹ sọ nígbà tí ẹ débẹ̀? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún mi. Màá ka gbogbo rẹ̀ kí n tó wọkọ̀.