Ẹni Tó Pè Mí Lẹ́yìn Kọ́tìnnì

Bí ẹ bá fẹ́, ẹ pè mí ní òpùrọ́. Èmi tí ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀ sí kò ní yí i padà nítorí pé ẹnì kan ń rẹ́rìn-ín.

Aránṣọ ni mí, ní Ìkòsì. Lẹ́yìn tí Màámi kú, mi ò lè sunkún, mi ò sì lè ránṣọ. Àbúrò mi obìnrin tó ń gbé ní Gbàgádà ló ra àwọn káàdì aláwòrán kan fún mi, èyí tí wọ́n ń pè ní tárò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Mi ò fi wo ọ̀la ẹnikẹ́ni. Láàárọ̀, kí n tó jókòó sídìí ẹ̀rọ, màá fa ẹyọ kan, màá wo àwòrán rẹ̀, màá bi ara mi ní ìbéèrè kan, màá sì kọ ohun tó bá wá sí mi lọ́kàn sínú ìwé. Bẹ́ẹ̀ ni ẹkún ṣe jáde, tí ọwọ́ mi sì padà sẹ́nu iṣẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń wí yìí, òjò ṣú. Àwọn tó ń gbé apẹ̀rẹ̀ tòmátò bọ̀ láti Mile 12 ń sáré kọjá. Mo fa káàdì tí áńgẹ́lì ti ń fun fèrè, tí àwọn òkú sì ń dìde nínú pósí. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé, "Ta ló ń pè mí?"

"Àbẹ̀kẹ́!"

"Mà!" Orúnkún mi ti kanlẹ̀ kí n tó rántí pé Màámi ti kú.

Ẹ gbà mí gbọ́, Màámi nìkan ló máa ń fi oríkì pè mí. Wọ́n sì ti kọ́ wa láti kékeré pé bí èèyàn ò bá rí ẹni tó pè é, kò gbọdọ̀ dáhùn, torí ẹni tó bá dá òkú lóhùn, ó máa bá a lọ ni. Àmọ́ àwọn kan náà ló fi pàṣán kọ́ wa pé bí ìyá bá pe ọmọ, kó yáa jẹ́ kíá. Ẹ̀kọ́ ilé ló kó bá mi.

Ẹ̀yìn kọ́tìnnì tí àwọn oníbàárà ti ń wọ aṣọ wò ni ohùn náà ti wá. Mo wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹsẹ̀ méjì wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ funfun tí èmi fúnra mi wọ̀ fún Màámi kí a tó gbé wọn sínú pósí.

"Gbé báàgì ẹ," wọ́n sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Jẹ́ ká máa lọ."

Mi ò ní parọ́, ó wù mí. Ọwọ́ mi ti wà lára báàgì. Ni mo bá fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀rọ ìránṣọ mi mú.

"Màámi, mi ò lọ."

"Ṣebí o ti dá mi lóhùn."

"Mo dáhùn. Mi ò lọ."

Ilẹ̀kùn ṣí. Mummy Bọ́lá tó ń ta ọṣẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi yọjú. "Aunty Tailor, ta lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀?"

Nígbà tí mo máa wo kọ́tìnnì padà, kò sẹ́sẹ̀ níbẹ̀ mọ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, wọ́n káwọ́ lérí.

"Ẹ sun káàdì yẹn níná jàre! Demonic ni!"

Mi ò sun ún. Káàdì kọ́ ló jẹ́ "Mà", èmi ni. Ohun tó gbé mi dìde, mi ò ní jù ú nù nítorí ẹ̀rù. Títí di òní mo ṣì ń kọ̀wé mi. Bí ohùn náà bá pè mí, màá panu mọ́, màá máa kọ lọ.

Àárọ̀ òní ni nǹkan yí padà. Ohùn náà ò pè mí. "Àṣàkẹ́!" ló pè. Oríkì àbúrò mi nìyẹn.

Mo pè é lórí fóònù.

"Sister mi, ẹ̀yin lẹ wà lẹ́nu ọ̀nà?" ó ní. "Mo gbọ́ Àṣàkẹ́, mo ti jẹ́ Mà. Mò ń lọ ṣílẹ̀kùn báyìí."

"Má ṣí i!"

Ìpè já. Mo tún pè é, kò gbé e mọ́.

Inú ọkọ̀ ni mo ti ń tẹ èyí, a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá Ojota. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, bí ẹ bá gbọ́ orúkọ yín, ẹ rí ojú ẹni tó pè yín kí ẹ tó jẹ́, kódà bó jẹ́ ohùn ìyá tó bí yín lọ́mọ. Ní tèmi, mò ń lọ di àbúrò mi mú. Màámi ò ní bínú, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó mú un lọ, àfi kí wọ́n kọ́kọ́ gé ọwọ́ mi.