Àwòrán Tí Bàbá Ìbéèrè Ò Rí Wó

Tẹ́ ẹ bá rí obìnrin yìí nídìí kọ̀ǹpútà, ẹ máa rò pé eré ló ń ṣe. Awò ojú á ti yọ̀ dé góńgó imú, ẹsẹ̀ kan á wà lórí àga, ọwọ́ kan nínú àwo ẹ̀pà. Iṣẹ́ gidi ni o. Káwọn tó ń kọ sọ́fítíwíà tó bẹ̀rẹ̀, òun ló máa kọ́kọ́ ya bó ṣe máa rí, èwo ló máa bá èwo sọ̀rọ̀, ibo ni kí wọ́n kó kí ni sí, bí wọ́n ṣe ń ya ilé kí bíríkìlà tó po sìmẹ́ǹtì. Ayàwòrán ni gbogbo ọ́fíìsì ń pè é.

Àwọn oníṣẹ́ bíi tiẹ̀ ní ẹgbẹ́ kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ògbólógbòó ló kún bẹ̀. Àṣà wọn ni pé tó o bá gbé àwòrán ẹ wá, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ yìn ẹ́ àfi tí wọ́n bá ti gbìyànjú láti fi ìbéèrè wó o. Ó pẹ́ tí Ayàwòrán ti ń ka ti àwọn ẹlòmíì, tó ń rẹ́rìn-ín sínú, ṣùgbọ́n kì í gbé tiẹ̀ síta. Ẹ̀rù àgbà kan nínú ẹgbẹ́ náà, tí wọ́n ń pè ní Bàbá Ìbéèrè, ló ń bà á. Ọ̀rọ̀ bàbá yẹn kì í pọ̀, àmọ́ tó bá ti béèrè, àwòrán ẹ á dà wó bí ògiri tí òjò pa.

Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ti dójú ẹ̀. Àwọn ilé ìwòsàn tó jọ ń lo àwọn dókítà kan náà fẹ́ sọ́fítíwíà kan tí wọ́n á fi máa fún aláìsàn láàyè láti rí dókítà, ọ̀gá sì ti ní Mọ́ńdè ni iṣẹ́ máa bẹ̀rẹ̀. Tí àléébù bá wà nínú àwòrán, aláìsàn ló máa jìyà ẹ̀. Lọ́sàn-án Sátidé, Ayàwòrán mí kanlẹ̀, ó gbé e síta.

Wọ́n ṣùrù bò ó. Ó ń dá wọn lóhùn, ara ẹ̀ ń yá gágá, títí Bàbá Ìbéèrè fi dé.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Tí íńtánẹ́ẹ̀tì bá lọ ní ilé ìwòsàn kan ńkọ́?"

"Wọ́n á máa báṣẹ́ lọ, sà. Ẹ̀dà àyè gbogbo dókítà wà ní ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan."

"Ó dáa. Tí méjì nínú wọn bá wá fún aláìsàn méjì ní àyè kan náà ńkọ́?"

Ayàwòrán káwọ́ lérí.

Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin, aránṣọ, tó ń ká aṣọ lórí bẹ́ẹ̀dì, gbójú sókè. "Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, Àǹtí. Ìbéèrè ni wọ́n bi mí."

"Ìbéèrè ló sojú ẹ dà báyìí? Pa á rẹ́ jàre, kó o ní iná ló lọ."

"Gbogbo wọn ti rí i." Ó wá ṣàlàyé fún un, dókítà kan, àyè kan, aláìsàn méjì.

"Ó dà bí ìgbà tí èmi àtìwọ jọ na ọwọ́ sí ẹran kan nínú ìkòkò Màmá."

Ayàwòrán gbé àwo ẹ̀pà sílẹ̀. "Màmá sì wá ń pín in sílẹ̀ kí kálukú tó dé."

"Síbẹ̀, o ṣì jẹ tèmi."

"Olè nìyẹn, Àǹtí. Kì í ṣe ìjà."

Ọwọ́ ẹ̀ ti wà lórí àwòrán. Ó yà á pé kí ilẹ̀ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tó mọ́, kí ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan ti ní ìpín tiẹ̀ nínú àyè dókítà. Tí íńtánẹ́ẹ̀tì bá lọ, inú tiẹ̀ nìkan ni kó ti máa fún èèyàn.

"Tí tiẹ̀ bá tán kí íńtánẹ́ẹ̀tì tó dé?" Bó ṣe gbé e padà síta báyìí, Bàbá Ìbéèrè tún dé.

"Aláìsàn á dúró, sà. Kéèyàn dúró sàn ju kí wọ́n pe ẹni méjì sórí àga kan."

Nígbà tí Bàbá máa kọ̀wé, ó ní: "Mo wá ibi tí mo máa gbà wó o, mi ò rí."

Oríyìn bá ya wọlé bí omi. Ayàwòrán ka ti Bàbá Ìbéèrè sókè fún ẹ̀gbọ́n ẹ̀, ó tún un kà.

"Ó ní òun ò rí nǹkan kan, lo wá ń yọ̀?"

"Àǹtí, kò sẹ́ni tó tíì gba irú ẹ̀ lẹ́nu bàbá yìí rí."

"Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?" Ẹ̀gbọ́n ju aṣọ sílẹ̀. "Ó yá, kà á lẹ́ẹ̀kan sí i."

Kí wọ́n tó kà á tán, àwòrán kan ti balẹ̀ síwájú Ayàwòrán. Ti Bàbá Ìbéèrè fúnra ẹ̀ ni. "Ẹ bá mi wó tèmi náà. Ẹ má wojú mi."

Ayàwòrán ti awò ojú ẹ̀ sókè, ó wò ó látòkè délẹ̀, ó rọra kọ ọ́ pé: "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni gbogbo èèyàn ń gbà wọlé níbí. Tó bá há ńkọ́?"